Yúróòpù Tàbí Amẹ́ríkà: Ta Ni Ayé Dẹrùn Fún Jù?

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Bouaké ló ń ronú nípa ibi tí wọ́n máa rán ọmọ lọ. Kí ẹ tó ta ṣọ́ọ̀bù tàbí kí ẹ yá owó, ẹ kọ́kọ́ wo irú ipò tí ọmọ náà máa wà tó bá débẹ̀.

Bí èèyàn bá wọ ọjà Bouaké, ìlú ńlá tó wà láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Côte d'Ivoire, kò ní pẹ́ tó fi máa gbọ́ "Ẹ kú ọjà o." Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àtàwọn ìlú tó múlé gbè é ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣòwò lọ́hùn-ún. Okùn tó so Èjìgbò mọ́ Côte d'Ivoire yi débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì létí àwọn ará Èjìgbò, ọkọ̀ èrò sì máa ń gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá láti ibẹ̀ lọ sí Abidjan.

Ní báyìí, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Bouaké ti ń wo ọ̀nà tó jìn ju ti Abidjan lọ. Kò ṣọ̀wọ́n kí ìdílé kan ní ẹ̀gbọ́n kan ní Paris, kí wọ́n sì ní àǹtí kan ní Houston. Èyí tó wà ní Paris á ní kò síbi tó dà bíi Faransé, torí pé kò sẹ́ni tó béèrè owó lọ́wọ́ òun kí wọ́n tó gbẹ̀bí òun. Èyí tó wà ní Houston á ní Amẹ́ríkà lòun ti rí owó tóun fi kọ́lé. Òbí tó wà ní Bouaké á wá máa yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń wo eré bọ́ọ̀lù.

Ohun kan wà tí wọn kì í sábà fi kún ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó wà ní Paris lè máa tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹni tó wà ní Houston sì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí a bá fi àwọn méjèèjì wéra, Faransé kọ́ la fi wé Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń tún yàrá ṣe la fi wé nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó ń gbé "Yúróòpù" tàbí "Amẹ́ríkà" lódindi. Orí àtẹ̀gùn kan pàtó nínú àkàsọ̀ ni kálukú ń gbé, ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ yín bá bà lé lórí àkàsọ̀ náà ló sì máa sọ bí ayé ṣe máa rí fún un. Torí náà, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò látìsàlẹ̀ dókè.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ àkàsọ̀

Bó ti wù kí ọmọ kàwé tó nílé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀ gbígbá, abọ́ fífọ̀, ẹrù gbígbé, ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Ní Faransé, òfin ló ń sọ owó tó kéré jù tí ọ̀gá lè san. Ní 2025, yúrò 11.88 ni fún wákàtí kan kí wọ́n tó yọ owó tí òfin ní kí wọ́n yọ. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 35 lọ́sẹ̀ máa mú nǹkan bíi yúrò 1,426 relé lóṣù. Iye kan náà ni wọ́n máa ń ṣẹ́ yúrò kan sí, ìyẹn sefa 655.957, torí náà nǹkan bíi sefa 935,000 nìyẹn. Ní Côte d'Ivoire, sefa 75,000 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti ọdún 2023. Ìlọ́po méjìlá rẹ̀ àti díẹ̀ lé ni! Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé ijó. Yàrá kékeré kan lágbègbè Paris lè gbé ìdajì owó yẹn lọ, ká tó sọ ti ọkọ̀, iná àti oúnjẹ.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ fi owó tó kéré jù sí dọ́là 7.25 fún wákàtí kan ní oṣù Keje ọdún 2009, títí di 2025 wọn ò sì fi kọ́bọ̀ kún un. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Ní California, dọ́là 16.50 ni ní 2025. Ṣùgbọ́n ní Texas, níbi tí Houston wà, 7.25 yẹn náà ni. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n lè rí òṣìṣẹ́, àmọ́ òfin ò fipá mú wọn. Ní ti ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà nílé oúnjẹ, òfin àpapọ̀ gbà kí ọ̀gá rẹ̀ san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan, kí owó tí àwọn oníbàárà bá fi ta á lọ́rẹ sì dí ìyókù.

Owó nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀ràn ìsinmi. Òfin Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìsinmi lọ́dún, kí owó rẹ̀ má sì dín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ti Faransé. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin àpapọ̀ kankan tó ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ kan tó máa gbowó lé lórí. Ọwọ́ ọ̀gá ló wà.

Ẹ tún wo ọ̀ràn ọmọ bíbí. Ní Faransé, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ máa gba ọ̀sẹ̀ 16 fún ọmọ àkọ́kọ́ àti ìkejì, owó á sì máa wọlé fún un. Tó bá di ẹ̀kẹta, ó di ọ̀sẹ̀ 26. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1993 fàyè gba ọ̀sẹ̀ 12, láìsí owó. Kódà, kìkì ẹni tó ti lo ọdún kan níbi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 50 ni òfin náà dá mọ̀. Ìpínlẹ̀ mélòó kan ti ṣe òfin tó sàn jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ Texas kò sí lára wọn.

Àìsàn wá ńkọ́? Láti ọdún 1945 ni Faransé ti ní ètò tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń dáwó sí, tí ètò náà sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú. Ní Ìlú Ọba, ọjọ́ 5 oṣù Keje 1948 ni ètò ìlera tí gbogbo ará ìlú ń lò bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí ìbánigbófò ìlera. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìbánigbófò náà lè bá a lọ. Ní 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 26 èèyàn ni kò ní i rárá. Ètò kan wà tí ìjọba ṣe fún àwọn tálákà, Medicaid lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún márùn-ún kó tó lè jàǹfààní rẹ̀.

Ní kúkúrú, bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ ni ọmọ yín máa wà, tó sì máa pẹ́ níbẹ̀, ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù fọwọ́ mú tálákà jẹ́jẹ́ ju Amẹ́ríkà lọ.

Àwọn tó wà láàárín

Ọ̀rọ̀ yí padà tá a bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà, olùṣírò owó àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Níbi tí Amẹ́ríkà ti ń tàn nìyí.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìdajì àwọn nọ́ọ̀sì tó gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ló ń gbà ju dọ́là 86,070 lọ lọ́dún. Ní England, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ètò ìlera ìjọba gba nǹkan bíi pọ́n-ùn 29,970 ní 2024 sí 2025, ìyẹn kò sì tó dọ́là 40,000. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé fi wé ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kódà nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ ní England kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dọ́gba. Owó orí tí wọ́n ń yọ ní Amẹ́ríkà tún kéré jù, ilé sì fẹ̀ jù. Bí ẹ bá rí i tí ẹnì kan tó ti lo ọdún mẹ́jọ ní Houston ń kọ́lé sí Èjìgbò, tí ẹni tó ti lo ọdún 15 ní Paris ṣì ń háyà ilé, ẹ má rò pé ẹni ti Paris ya ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ìyókù ìwé náà. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí owó orí ti san ní Yúróòpù, àpò ara ẹni ló ń san án ní Amẹ́ríkà. Ẹ mú ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ní ọdún 2024 sí 2025, owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan ní yunifásítì ìjọba ní Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 12,000 lọ́dún fún ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Ti àwọn yunifásítì aládàáni lé ní 43,000. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ jù lọ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́. Ìjọba Jámánì tún ń san yúrò 255 lóṣù lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 2025. Ní 2019, Faransé ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òde Yúróòpù wá máa san yúrò 2,770 lọ́dún fún oyè àkọ́kọ́, síbẹ̀ yunifásítì tó pọ̀ díẹ̀ ló dín in kù fún wọn.

Ìlú Ọba náà ní ìnáwó tiẹ̀. Láti oṣù Kejì 2024, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó bá ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ san pọ́n-ùn 1,035 fún ìlera lórí ọdún kọ̀ọ̀kan tó wà nínú físà rẹ̀, kó tó gbéra nílé pàápàá.

Torí náà, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, tó ní iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń wá, tí kò tíì níyàwó, tètè máa ń kówó jọ ní Amẹ́ríkà. Tó bá bí ọmọ mẹ́ta, tàbí tí àìsàn kan tó le bá wọlé, ìṣirò náà lè yí. Ẹ má sì gbàgbé èdè. Faransé ni ọmọ Bouaké fi kàwé. Ní Paris, Brussels tàbí ìpínlẹ̀ Québec ní Kánádà, èdè yẹn máa bá a ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Ní Texas, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì yege ìdánwò.

Àwọn olówó

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé kò síbi tó dáa fún olówó bí Amẹ́ríkà. Tó bá jẹ́ ti owó, òótọ́ ni. Dókítà tó mọṣẹ́ dáadáa lè gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà ní Faransé. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ńkọ́?

Ní 2025, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn èèyàn tó lé ní 73,000 ní Amẹ́ríkà àti orílẹ̀-èdè 16 ní Yúróòpù, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 50 sí 85, láti 2010 sí 2022. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ọrọ̀ wọn ṣe tó. Níbi gbogbo, olówó ń pẹ́ láyé ju tálákà lọ, àmọ́ àlàfo tó wà láàárín wọn ní Amẹ́ríkà ló fẹ̀ jù. Èyí tó wá ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé àwọn tó lówó jù ní Amẹ́ríkà kò pẹ́ láyé tó àwọn tó lówó jù ní Yúróòpù. Kódà, ní àwọn ibì kan, bí àwọn tó tòṣì jù ní Jámánì, Faransé àti Netherlands ṣe ń pẹ́ láyé kò yàtọ̀ sí tàwọn olówó Amẹ́ríkà yẹn.

Ohun tí owó ń rà pọ̀, àmọ́ olówó náà ń jẹ irú oúnjẹ tó wà nílùú, ó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, ó sì ń gbé láàárín ìbọn kan náà. Ní 2022, ìbọn pa nǹkan bíi 48,000 èèyàn ní Amẹ́ríkà. Ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n pa ara wọn. Ní 2023, iye ọdún tí ọmọ tuntun ní Amẹ́ríkà ń retí láti lò láyé jẹ́ 78.4. Ní Faransé, ó jẹ́ 80 fún ọkùnrin, ó sì lé ní 85 fún obìnrin.

Ṣé ọmọ lè gun òkè?

Ọ̀pọ̀ òbí á sọ pé, "Èmi lè gbálẹ̀ o, ìyẹn ò dùn mí, bí ọmọ mi bá ṣáà máa di ọ̀gá." Níbi tí Yúróòpù náà ti ní àbùkù tiẹ̀ nìyí.

Ní 2018, àjọ OECD ṣírò iye ìran tó máa gba ìdílé tálákà kó tó dé àárín. Ní Denmark, ìran méjì ni. Ní Sweden, mẹ́ta. Ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, márùn-ún. Ní Faransé àti Jámánì, mẹ́fà! Faransé ń ta aṣọ bo tálákà, ṣùgbọ́n àkàsọ̀ rẹ̀ ga. Àwọn ọmọ àlejò tí wọ́n bí ságbègbè ẹ̀yìn ìlú Paris mọ èyí dáadáa. Ní oṣù Kẹwàá 2005, ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ méjì kú ní Clichy-sous-Bois níbi tí wọ́n ti ń sá fún ọlọ́pàá, ìbínú náà jó káàkiri ilẹ̀ Faransé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Amẹ́ríkà alára kì í ṣe ohun tí òkìkí ń pè é. Ìwádìí tí Raj Chetty àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí wọ́n bí sínú ìdá márùn-ún tó tòṣì jù, nǹkan bíi méje tàbí mẹ́jọ ló ń dé inú ìdá márùn-ún tó lówó jù. Ní Denmark, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Ìlú tí ọmọ ti dàgbà sì ṣe kókó: ní San Jose ó tó 13, ní Charlotte kò tó márùn-ún. Síbẹ̀, àwọn ará wa gòkè níbẹ̀. Ó ju ìdajì àwọn àgbàlagbà tó ti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà lọ tó gboyè yunifásítì. Ohun kan tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kàwé kí wọ́n tó gbéra. Àárín àkàsọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ìwé

Ìpele kan wà nísàlẹ̀ gbogbo ìpele, ìyẹn ni ti ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ní Faransé, ètò kan wà tó ń bójú tó ìlera irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá ti lo ju oṣù mẹ́ta lọ, tí owó tó ń wọlé fún un ò sì pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1986 ní kí ilé ìwòsàn má lé e dànù bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu, àmọ́ owó rẹ̀ á tẹ̀ lé e délé. Níbi méjèèjì, kò lè bá ọ̀gá tó jẹ owó rẹ̀ ṣẹjọ́ láìbẹ̀rù, bí ìyá rẹ̀ bá sì kú, kò lè wá sin ín kó sì padà. Ní 2023, àwọn tó ti Côte d'Ivoire wá wà lára àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó gba ojú òkun dé Ítálì. Àwọn tí òkun gbé lọ kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe ohun tuntun sí wa. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì fi ilé àti ọjà sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Bouaké fúnra rẹ̀, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002 sọ ìlú náà di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn báńkì tilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì sá lọ sí Abidjan tàbí padà sílé. Ohun tí èèyàn fi 20 ọdún kó jọ lè lọ lọ́jọ́ kan bí òfin ìlú kò bá dá a mọ̀. Kódà físà tó dára lè yí padà: ní oṣù Kẹta 2024, Ìlú Ọba fòfin de ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá tọ́jú àwọn arúgbó pé kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání.

Ẹ má fojú kéré Bouaké

Ìdílé tó ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé ní Bouaké kò sí nísàlẹ̀ àkàsọ̀ níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ wọ́n ládùúgbò, wọ́n ń pè wọ́n sí ìkómọ, àwọn èèyàn sì ń gba ìmọ̀ràn wọn. Láti 2019, wọ́n lè fi sefa 1,000 lóṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń san fún kò pọ̀ bíi ti Faransé. Bí bàbá ilé yìí bá lọ ń gbálẹ̀ ní Paris, owó rẹ̀ máa pọ̀ sí i, ipò rẹ̀ á sì wálẹ̀. Àwọn kan lè fara dà á, ó sì máa ń wó àwọn mìíràn palẹ̀.

Àmọ́ ọ̀dọ́ tó ń fi ọmọlanke kó ẹrù lọ́jà, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé, kò ní ipò kankan tó máa pàdánù. Lójú tirẹ̀, ìlọ́po méjìlá owó oṣù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfẹnusọ lásán. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró sílé, ẹ fún un ní ìdí tó fi máa dúró.

Ìbéèrè márùn-ún fún ìdílé

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ náà, kí ẹ sì bi ara yín:

1. Ìwé wo ló máa gbà wọ ìlú náà, ọdún mélòó ló sì wà fún? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ dúró ná.

2. Iṣẹ́ wo ló máa ṣe ní ọdún méjì àkọ́kọ́? Ẹ wádìí owó iṣẹ́ yẹn ní ìlú yẹn gan-an, kì í ṣe ní orílẹ̀-èdè náà lápapọ̀.

3. Bó bá ṣàìsàn, ta ló máa sanwó?

4. Èdè wo ló gbọ́, ìwé ẹ̀rí wo ni wọ́n sì máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀? Ọdún kan síwájú sí i nílé ẹ̀kọ́ ní Bouaké tàbí Abidjan lè fi àtẹ̀gùn méjì gbé e sókè lọ́hùn-ún.

5. Kí ló máa ṣẹ́ kù nílé bí ìrìn àjò náà bá yí dànù? Ẹ má ta ṣọ́ọ̀bù tó ń bọ́ àwọn tó kù.

Bí ẹ bá tún pe àǹtí Houston tàbí ẹ̀gbọ́n Paris, ẹ má béèrè bóyá ibẹ̀ dára. Ẹ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, iye wákàtí tó ń lò níbẹ̀, iye tó ń san fún ilé, àti ìgbà tó gba ìsinmi kẹ́yìn. Inú ìdáhùn mẹ́rin yẹn lẹ ti máa mọ irú ibi tí ọmọ yín ń lọ.